Kangarú ńlá ayé ìgbàanì: kí ló dé tí wọ́n tún fi ń pín orúkọ wọn?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ tó ń bọ̀, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí òmìrán kangarú mẹ́ta tuntun ní Ọsirélíà. Ẹni tó bá ka àkọlé ìròyìn nìkan lè rò pé ẹranko tó ṣì ń mí ni, tàbí pé kangarú tó wà láyé lónìí ni wọ́n yí lórúkọ padà. Ẹni tó bá kà á jinlẹ̀ díẹ̀ yóò tún bá ìbéèrè mìíràn pàdé: bí ẹranko kan bá ti kú tán láti nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn, tí díẹ̀ nínú eegun rẹ̀ sì ti wà nínú àpótí mùsíọ́mù láti ayé Ọbabìnrin Victoria, báwo ló ṣe wá di tuntun lọ́dún 2024? Ìbéèrè yẹn ló gbé gbogbo àríyànjiyàn náà dání.

Ẹranko wo là ń sọ gan-an?

Protemnodon ni orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wọn pọ̀. Ara àwọn ẹranko tó ń bí ọmọ nígbà tí ọmọ náà kò tíì gbó, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ dàgbà nínú àpò ara wọn ni wọ́n, bí kangarú òde òní ṣe ń ṣe. Ọsirélíà àti erékùṣù New Guinea ni wọ́n gbé, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí èèyàn bá rí ọ̀kan lókèèrè, kangarú aláwọ̀ eérú ni yóò pè é. Bó bá sún mọ́ ọn, yóò rí i pé eléyìí síngbọnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣan sì kún ara rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn wọn nǹkan bíi 50 kílò. Àwọn mìíràn tóbi ju kangarú èyíkéyìí tó wà láyé lónìí.

Ẹ má ṣì wọ́n mú fún àwọn kangarú olójú kúkúrú tí àwòrán wọn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí orí wọn dà bí ti ehoro tí wọ́n lù pẹlẹbẹ. Sthenurinae ni orúkọ ti ìyẹn. Inú wọn ni Procoptodon goliah wà, tó ju 200 kílò lọ, tó sì ní ọmọ ìka ńlá kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn náà ti kú tán, ṣùgbọ́n ìlà tiwọn yàtọ̀.

Bí a bá fi agboolé ṣe àpẹẹrẹ, Macropodidae ni agboolé ńlá tí gbogbo kangarú àti wọ́lábì wà. Protemnodon jẹ́ ilé kan nínú agboolé náà; ìbátan ni àwọn tó ń pín ẹranko sí ìsọ̀rí ń pè é. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, bíi Protemnodon anak, jẹ́ ọmọ inú ilé náà. Ohun méjì ni wọ́n ń bá ara wọn fà. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí. Ìkejì ni pé ilé wo nínú agboolé ló sún mọ́ ọn jù. Ìwádìí 2024 dáhùn àkọ́kọ́ dáadáa. Ìkejì kò tíì yanjú tán.

Kí ló da orúkọ wọn rú láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Richard Owen kò rí ilé wò. Lọ́ńdọ̀nù ló jókòó sí, ọ̀gá ni nínú ìmọ̀ eegun ẹranko, òun náà ló dá orúkọ "dinosaur" sílẹ̀ ní 1842. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó eegun ránṣẹ́ sí i láti Ọsirélíà, láti inú ihò àpáta Wellington ní New South Wales àti láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Darling Downs ní Queensland. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kò ju eegun àgbọ̀n tó ti kán, tí eyín díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ní 1874 ó dá Protemnodon sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín orúkọ fún àwọn eegun náà. Ó hàn pé ó fẹ́ràn òmìrán inú Bíbélì: ó pe ọ̀kan ní anak, bíi Anaki tí àwọn amí Mósè rí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kénáánì, ó pe òmíràn ní og, bíi Ógù ọba Báṣánì. Òun náà ló fún Procoptodon goliah lórúkọ Gòláyátì.

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ pátápátá. Eyín àwọn ọmọ ilé kan náà máa ń jọra, ó sì máa ń jẹ bí ẹranko bá ṣe ń dàgbà, nítorí náà eyín àgbàlagbà àti ti ọ̀dọ́ inú ẹ̀yà kan ṣoṣo lè dà bí ti ẹranko méjì. Akọ lè tóbi ju abo lọ fíìfíì. Inú ihò àpáta sì ni èyí tó burú jù: eegun ogún ẹranko lè dà pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹsẹ̀ yìí ló ni àgbọ̀n yìí. Owen ń sọ àgbọ̀n lórúkọ, àwọn mìíràn ń rí ẹsẹ̀, wọ́n sì ń fojú ṣèrò ẹni tó ni ín.

Àwọn tó tẹ̀ lé e fi tiwọn kún un. Michael Plane mú Protemnodon otibandus wá láti New Guinea ní 1967. Alan Bartholomai ti Mùsíọ́mù Queensland tún gbogbo èyí tó wà ní Queensland yẹ̀ wò ní 1973, ó sì fi snewini kún un ní 1978. Ní 1983 ni Tim Flannery àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú tumbuna wá láti orí òkè New Guinea. Orúkọ ń pọ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé lé lórí ṣì ni àwọn àgbọ̀n tó kán wọ̀nyẹn.

Kí wá ló dé tí wọn kò kàn yí orúkọ náà padà bó ṣe wù wọ́n?

Nítorí pé òfin wà. Gbogbo ayé ló ń lo ìlànà kan fún ìsọmọlórúkọ ẹranko, ohun méjì nínú rẹ̀ ló sì kàn wá níhìn-ín. Orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló lẹ́tọ̀ọ́, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Lẹ́yìn náà, orúkọ kọ̀ọ̀kan so mọ́ eegun kan pàtó tí ẹni tó sọ ọ́ fi ṣe ẹ̀rí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá eegun tó wà lọ́wọ́ òun jẹ́ ti ẹ̀yà yẹn, eegun ẹ̀rí náà ló gbọ́dọ̀ fi wé.

Níbi tí wàhálà Protemnodon ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí eegun ẹ̀rí bá jẹ́ ìdá àgbọ̀n kan tó lè jẹ́ ti ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta, orúkọ tó so mọ́ ọn kò wúlò mọ́. A kò lè pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n a kò lè fi pe ẹranko kankan pẹ̀lú ìdánilójú. Orúkọ oníyèméjì ni wọ́n ń pè é. Àbọ̀ ìwádìí 2024 ni pé brehus àti roechus, méjì nínú àwọn orúkọ Owen tí àwọn onímọ̀ ti lò jù láti ọ̀rúndún 19, jẹ́ oníyèméjì. Ohun tó ká ọ̀pọ̀ èèyàn lára nìyí, ju àwọn ẹ̀yà tuntun náà lọ, nítorí brehus ti wà nínú ìwé àti lára àpótí mùsíọ́mù ju 100 ọdún lọ.

Kí ló wá yí padà?

Ẹrẹ̀ ló yí i padà. Adágún Callabonna wà ní apá àríwá ìpínlẹ̀ South Australia, nínú aṣálẹ̀. Adágún lorúkọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti amọ̀ gbígbẹ lèèyàn sábà máa ń bá níbẹ̀. Láyé ìgbàanì, àwọn ẹranko ńlá máa ń rìn wọ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ á sì gbé wọn mì. Ẹranko tó bá kú báyìí kì í fọ́nká bíi ti inú ihò àpáta: ọwọ́, ẹsẹ̀, ìrù àti orí wà papọ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń hú Diprotodon níbẹ̀, ẹranko alápò tó tóbi jù lọ tí a tíì mọ̀. Ní 2013, 2018 àti 2019, wọ́n rí egungun odidi kangarú ńlá mélòó kan níbẹ̀, orí dé ìrù.

Isaac Kerr, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè dókítà ní Yunifásítì Flinders nílùú Adelaide nígbà náà, ló mú ìwádìí 2024 náà ṣe. Àwọn tó bá a kọ ọ́ ni Aaron Camens, Jacob van Zoelen, Trevor Worthy àti Gavin Prideaux. Kerr lọ sí mùsíọ́mù 14 ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, wọ́n sì ya àwòrán eegun tó lé ní 800, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ya nǹkan ní ìbú, òró àti gíga rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti ní odidi ara níwájú ni wọ́n tó lè padà sẹ́yìn lọ bá àwọn ègé inú àpótí, kí wọ́n sọ pé ẹsẹ̀ yìí ló bá àgbọ̀n yìí lọ. Iye ẹ̀yà tí wọ́n gbà pé ó dájú jẹ́ méje: anak, otibandus, snewini àti tumbuna láti inú ti àtijọ́, àti mẹ́ta tuntun.

Àwọn mẹ́ta wo ni tuntun náà?

Protemnodon viator ni ti Callabonna. "Arìnrìn-àjò" ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn. Ó lè wọn tó 170 kílò, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po méjì akọ kangarú pupa tó tóbi jù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ sì bá ilẹ̀ gbígbẹ àárín Ọsirélíà mu.

Protemnodon mamkurra ni ti gúúsù. Eegun rẹ̀ tó dára jù wá láti ihò àpáta kan tí omi kún, Green Waterhole, nítòsí ìlú Mount Gambier. Àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi ló kó eegun jáde níbẹ̀ ní 1979. Ilẹ̀ àwọn Boandik ni ibẹ̀, àwọn àgbà wọn àti àwọn tó mọ èdè wọn ló sì fún ẹranko náà lórúkọ: mamkurra túmọ̀ sí kangarú ńlá. Eegun rẹ̀ nípọn, ó lágbára, kò sì jọ ẹranko tó máa ń yára.

Ẹ̀kẹta, Protemnodon dawsonae, ló ti gbé ayé ṣáájú àwọn méjì yòókù, òun náà sì ni eegun rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ kò pọ̀ tó tiwọn. Apá kan ihò àpáta Wellington tí wọ́n ń pè ní Big Sink ló ti wá. Lyndall Dawson, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí eegun kangarú, ló gba orúkọ náà ní ọlá.

DNA kò ha lè parí ìjà náà?

Ó gbìyànjú. Ihò àpáta Mount Cripps ní Tasmania tutù, òtútù sì dá díẹ̀ lára DNA sí. Ní 2015, Bastien Llamas àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Adelaide yọ ọ́ lára eegun Protemnodon anak àti ti Simosthenurus occidentalis, ọ̀kan lára àwọn olójú kúkúrú. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìlà àwọn olójú kúkúrú ti yà kúrò tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n Protemnodon sún mọ́ Macropus gan-an, ìyẹn ìbátan tí wọ́n kó kangarú ńlá òde òní sí nígbà náà.

Àwọn tó ń wo eegun kò kọ èyí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká rọra. DNA tí wọ́n rí jẹ́ ti mitochondria, tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìkan, ẹ̀yà kan ṣoṣo ló sì ti wá. Àwọn ti DNA náà ní èsì: eegun lè tanni jẹ, nítorí ẹranko méjì tó ń jẹ oúnjẹ kan náà lè ní eyín tó jọra láì jẹ́ ọmọ ìyá. Wọ́n ń tọ́ka sí wọ́lábì inú àbàtà, Wallabia bicolor. Nítorí eyín àti ìṣesí rẹ̀, ó dá gbé ilé tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àfi ìgbà tí DNA fi hàn pé àárín àwọn Macropus gan-an ló wà.

Ibí yìí ni àṣìgbọ́ tó wà nípa kangarú tó wà láyé ti lè wá. Láti má bàa da orúkọ Wallabia nù, àwọn kan dábàá pé kí wọ́n pín Macropus sí mẹ́ta: Macropus, Notamacropus àti Osphranter. Kangarú pupa tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Macropus rufus di Osphranter rufus báyìí fún ọ̀pọ̀ onímọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sí nínú ìwádìí 2024.

Ti New Guinea ńkọ́?

Ìyípadà orúkọ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú 2024. Ní 2022, Kerr àti Prideaux yọ Protemnodon nombe kúrò nínú ilé yìí pátápátá, wọ́n sì kọ́ ilé tirẹ̀ fún un: Nombe nombe, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ibùgbé àpáta Nombe ní agbègbè Chimbu ní Papua New Guinea. Wọ́n ní àwọn kangarú tó ti dé erékùṣù náà láti mílíọ̀nù márùn-ún sí mẹ́jọ ọdún sẹ́yìn ló bí i, pé kò sún mọ́ kangarú Ọsirélíà bí wọ́n ti rò. Tumbuna, tí wọ́n bá nínú ibùgbé kan náà, ṣì wà nínú ilé. Báyìí ni ẹranko méjì tí wọ́n jọ gbé orí òkè kan náà ṣe di ọmọ baba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í fò?

Àwọn kan ti ní gbogbo Protemnodon ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, èyí sì bá ojú tí àwọn kan fi ń wo kangarú àtijọ́ mu. Christine Janis ti Yunifásítì Brown àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ní 2014 pé àwọn olójú kúkúrú tó tóbi máa ń nàró rìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, nítorí ara wọn wúwo jù fún ìfò. Ìfò àfòjìnnà tí a mọ̀ mọ́ kangarú lè jẹ́ àrà òde òní.

Ẹgbẹ́ Kerr kò gbà pé ó kan gbogbo ilé náà. Tiwọn ni pé ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló máa ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rin nígbà mìíràn, tí wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ méjì fò nígbà mìíràn, bí àwọn ìbátan kangarú kéékèèké tó ń jẹ́ quokka àti potoroo ṣe ń ṣe. Mamkurra wà lára wọn. Ó lè jẹ́ ìgbà tí nǹkan bá já a láyà nìkan ló máa ń fò. Viator ní tirẹ̀ lè fò dáadáa, ó sì lè yára. Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n o.

Kí ló kan ẹnikẹ́ni nínú èyí?

Ohun tó kan àwọn onímọ̀ jù ni ikú wọn. Ẹranko ńlá Ọsirélíà kú tán ní nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí èèyàn ti dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní ọdẹ ló pa wọ́n run. Ẹgbẹ́ kejì ní ojú ọjọ́ ni, pé ilẹ̀ gbẹ, igbó sì sá sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ kẹta ní méjèèjì ni, pé ibì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹni tó bá kó gbogbo eegun ńlá jọ sábẹ́ brehus, tó wá béèrè ohun tó pa brehus, ń wádìí ikú ẹranko kan tí kò gbé ayé rí: ìdajì rẹ̀ ń jẹko ní aṣálẹ̀, ìdajì kejì wà nínú igbó òjò.

Àpẹẹrẹ kan jáde ní oṣù kẹrin 2025. Christopher Laurikainen Gaete ti Yunifásítì Wollongong àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Scott Hocknull ti Mùsíọ́mù Queensland wà nínú wọn, yẹ eyín Protemnodon wò láti ihò àpáta Mount Etna ní Queensland. Èròjà kan tó ń jẹ́ strontium ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Inú òkúta ló ti ń wọ ilẹ̀, láti ilẹ̀ ó wọ ewé, láti ewé ó wọ eyín ẹni tó jẹ ewé náà, òkúta ibì kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀. Nítorí títóbi ẹranko náà, wọ́n retí pé yóò máa rìn jìnnà. Àmì eyín sọ pé kò kúrò nítòsí ihò àpáta náà. Igbó òjò tó kún ibẹ̀ pèsè gbogbo ohun tó ń jẹ. Nígbà tí igbó náà gbẹ dànù ní nǹkan bí 280,000 ọdún sẹ́yìn, ẹranko tí kò mọ̀ ju ìdí ilé rẹ̀ lọ kò ríbi gbà. Ọdún náà ti ṣáájú ìgbà tí èèyàn dé Ọsirélíà jìnnà, nítorí náà a kò lè fi ti ibẹ̀ kan ọdẹ. Ẹ fi wé viator, tí wọ́n pè ní arìnrìn-àjò. A kò lè fi ikú ọ̀kan ṣàlàyé ikú èkejì.

Ní 2025 kan náà, àwọn olùwádìí tẹ àmì kọ́lájẹ́ẹ̀nì jáde fún ẹranko ńlá mẹ́ta, mamkurra wà nínú wọn. Kọ́lájẹ́ẹ̀nì jẹ́ èròjà inú eegun tó máa ń pẹ́ ju DNA lọ ní ilẹ̀ gbígbóná. Pẹ̀lú àmì yìí, ègé eegun tí kò ní ìrísí kankan mọ́ lè sọ irú ẹranko tó ni ín. Ṣùgbọ́n àmì náà kò wúlò àyàfi bí orúkọ tó wà lára eegun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n bá tọ́. Ká ní brehus ló ṣì wà lára rẹ̀ ni, àṣìṣe kan náà ni wọn ì bá máa fi ẹ̀rọ tuntun tún ṣe.

Bí mo bá rí orúkọ àtijọ́ ńkọ́?

Bí ìwé tàbí ojúlé kan bá kọ Protemnodon brehus tàbí Protemnodon roechus, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Bó bá ṣáájú 2024, ẹ má kàn fi mamkurra tàbí viator rọ́pò rẹ̀, nítorí orúkọ àtijọ́ kan lè ti bo ju ẹ̀yà kan lọ. Ibi tí wọ́n ti rí eegun náà ló ń ranni lọ́wọ́: Callabonna ń tọ́ka sí viator, Green Waterhole ń tọ́ka sí mamkurra. Ibòmíràn, ó di kí ẹnìkan ṣí àpótí náà, kó sì tún eegun inú rẹ̀ yẹ̀ wò. Protemnodon nombe nìkan ni ìrọ́pò rẹ̀ rọrùn: Nombe nombe ni, níbikíbi tó bá ti wà.